Òkun Kì Í Hó Ruru: Ìtàn Ìgbì àti Afẹ́fẹ́ ní Ẹnu Òkun Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, nítorí pé ìdílé wa kì í fi òkun ṣeré. Àbúrò màmá mi ọkùnrin kú sómi ní etíkun Èkó nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan, kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ ogún ọdún ni. Wọ́n ní ọjọ́ náà dára, òjò kò rọ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lọ gbádùn ìsinmi wọn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ etíkun nílé wa, màmá mi yóò ní, "Òkun kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Nígbà tí olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ní kí olúkúlùkù wa kọ ìtàn ibì kan ní ìpínlẹ̀ wa, mo mú ẹnu òkun Èkó, níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Ohun tí òwe náà kò sọ fún mi ni mo fẹ́ mọ̀. Ìgbà wo gan-an ni òkun máa ń hó? Kí ló ń mú un hó? Ta ló ti bá a jà, kí ni wọ́n sì rí gbà níbẹ̀? Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo rí i pé òkun ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, pé kàlẹ́ńdà náà yàtọ̀ sí ti ojú ọ̀run, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi lọ sí Tarkwa Bay nínú ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí fún màmá wa pé ẹsẹ̀ mi kò ní kan omi. Kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà débẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Victoria Island, wọ́n fún wa ní ẹ̀wù agbẹ̀mílà, a sì gba ẹnu òkun kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Apápá. Kò pẹ́ tí a fi gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì ti wà nínú omi. Wọ́n dojú bolẹ̀ lórí pátákó gígùn, wọ́n ń fi ọwọ́ wa omi. Bí ìgbì bá ti dé ẹ̀yìn wọn, wọn a fò dìde, wọn a dúró lórí pátákó náà, ìgbì a sì gbé wọn wá sétí iyanrìn bí ẹni gun ẹṣin.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn, tí kò lè ju mí lọ, ìdí tí wọ́n fi ń tètè jí tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́."

Bàbá apẹja kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi, gbọ́ wa. Ó ní kí n jókòó. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, oṣù wo la wà?" Mo ní, "Oṣù Kẹjọ ni, Bàbá." Ó ní, "Ó dáa. Ṣé òjò ń rọ̀?" Mo wo òkè, mo ní rárá. Ó wá nàka sí ìgbì tó ń fọ́ lára ògiri òkúta lọ́hùn-ún, ó ní, "Ìwọ náà rí i pé ojú ọ̀run ti sinmi. Òkun kò tíì sinmi." Gbólóhùn yìí ni mo gbé lọ sílé, òun ni mo sì fi ka gbogbo ìwé tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé kàlẹ́ńdà òkun yìí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní Èkó ló ń dá ìgbì ńlá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ní ìpẹ̀kun gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ni èyí tó tóbi jù nínú ìgbì wa ti ń ṣẹ̀. Ìjì líle máa ń jà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìjì náà a máa ru omi sókè, omi tó ru yìí a sì máa rìn, yóò rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí yóò fi kan ilẹ̀ ní etíkun wa. Nígbà tí oṣù Kẹfà, Keje àti Kẹjọ bá dé, ìgbà òtútù ni ní apá ìsàlẹ̀ ayé, ìjì ibẹ̀ sì máa ń le jù nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ìgbì fi máa ń ga ní etíkun Èkó láti bí oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, tó sì máa ń le jù láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹjọ.

Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, láti orí òkun wá sórí ilẹ̀, òun ló sì ń gbé òjò wá. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbóná sí i lójúmọ́ ni afẹ́fẹ́ òkun yìí ń le sí i, tó bá sì di ọ̀sán, á ti fọ́ ojú omi wẹ́wẹ́. Lóru, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ á rọ̀, nígbà mìíràn a tilẹ̀ máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sínú òkun. Nítorí náà ni ìgbì òwúrọ̀ fi máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ojú rẹ̀ sì ń dán. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn pè ní "afẹ́fẹ́ ti bà á jẹ́" nìyí.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ á dé. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á máa fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ìjì ìsàlẹ̀ ayé náà á ti dínkù, nítorí ìgbà ooru ni níbẹ̀. Ìgbì á kéré, òkun á rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òkun a máa kún, a sì máa fà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣùgbọ́n mítà kan yìí tó láti sọ ibi tí ènìyàn dúró sí ní àárọ̀ di ibú ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ló yẹ kí á mú ní òkúnkúndùn. Ní Èkó, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ojú ọ̀nà gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ á sì gba etíkun lọ. Ṣùgbọ́n ìjì tó ń rán ìgbì sí wa kò mọ̀ pé òjò ti dá ní Èkó. Ìgbì ṣì ń bọ̀ bó ṣe ń bọ̀ nínú oṣù Keje. Ìgbà tí ojú ọ̀run bá ń pe ènìyàn gan-an ni òkun ń lé e.

Àwọn baba ńlá wa mọ kàlẹ́ńdà yìí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Èkó jẹ́ ìlú ọ̀sà, òkun sì ni odi rẹ̀. Ìgbì tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀ kì í dojú kọ etíkun wa tààrà, ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe ń fọ́, ó ń ti iyanrìn lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, láti ọ̀nà Badagry lọ sí ọ̀nà Lẹ́kí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fojú bù ú pé iyanrìn tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún ju ìdajì mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta lọ. Nígbà tí iyanrìn yìí bá dé ibi tí ọ̀sà ti ń tú jáde sínú òkun, á kó jọ di òkìtì gígùn lábẹ́ omi. Òkìtì yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní bar, òun náà ló sì wà nínú orúkọ Bar Beach. Omi orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ, kì í sì í dúró lójú kan. Ìgbì tó bá ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tó bá kan òkìtì náà, á dìde, á sì fọ́. Ọkọ̀ tí kò bá mọ ọ̀nà á dojú dé, ẹja ekurá sì pọ̀ níbẹ̀.

Lórí òkìtì yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn Èkó ti ṣẹlẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó di ọ̀kan lára àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, ìta ni wọ́n ń dúró sí. Ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń kó àwọn ènìyàn wa la ìgbì kọjá, kí wọ́n tó kó wọn dà sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bahia ní Brazil tàbí sí Cuba. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn àti àwọn ọmọ wọn padà wálé, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà, ìgbì kan náà ni wọ́n tún là wọlé. Nígbà tí mo dúró ní Tarkwa Bay, mo wo ibẹ̀ títí. Kò sí àmì kankan lórí omi.

Òkìtì náà gba Èkó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1851, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, àwọn jagunjagun Èkó sì lé wọn padà. Wọ́n tún padà wá ní ìparí oṣù Kejìlá. Àwọn ọkọ̀ ogun wọn tó tóbi jù kò lè kọjá lórí òkìtì iyanrìn náà, ìta ni wọ́n dúró sí. Bloodhound àti Teazer, tí wọ́n kéré, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àfọwọ́wà ni wọ́n rí gbé wọlé. Láti ọjọ́ 26 sí ọjọ́ 28 oṣù náà ni ìjà fi le, títí Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò nílùú. Ìjà yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Ahóyaya. Bí a bá wo kàlẹ́ńdà òkun, oṣù méjèèjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá yìí wà nínú ìgbà tí ìgbì máa ń kéré. N kò sọ pé òkun ló fún wọn ní ìṣẹ́gun, nítorí ìbọn wọn lágbára ju ti Èkó lọ, Teazer pàápàá sì fi ìdí kanlẹ̀ nínú ìjà náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ogun yẹn gbọ́dọ̀ mọ omi tí wọ́n jà á lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1861, Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Òwò epo pupa àti èkùrọ́ wá ń pọ̀ sí i, òkìtì iyanrìn tó ti ń dáàbò bo ìlú sì wá di ìdènà fún òwò. Ọkọ̀ ńlá láti Liverpool kì í lè wọ Èkó. Forcados, tó jìnnà réré sí ìlà-oòrùn, ni wọ́n ti máa ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré, kí ọkọ̀ kékeré náà tó gbé e wá sí Èkó. Àwọn èrò tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ìta ẹnu òkun á jókòó sínú àpótí kan bí àga, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á sì rọra sọ̀ ọ́ láti orí ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré tó ń fì lórí ìgbì nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Kru, tí wọ́n wá láti ọ̀nà Liberia, ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ la ìgbì. Wọ́n mọ bí a ti ń ka ìgbì. Wọ́n á dúró títí èyí tó tóbi jù á fi kọjá, wọ́n á sì wa ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn kí òmíràn tó dé. Ohun tí òwe wa ń sọ gan-an ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń dúró de òkun kó rọlẹ̀, wọn kì í bá a hó.

Ní àwọn ọdún 1890, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Coode ní Lọ́ńdọ̀n ti gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́ ògiri òkúta gígùn wọnú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi lè máa gba ojú kan ṣàn, kó sì máa gbá iyanrìn lọ. Owó iṣẹ́ náà pọ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kan tí wọ́n sọ ní Egerton, orúkọ gómìnà ìgbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyanrìn kúrò lórí òkìtì. Ní ọdún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ògiri apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà ni ti ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ibi tí òkúta náà ti wá. Èkó kò ní òkúta. Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ ọ, rélùwéè tó ti dé ibẹ̀ kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ ló sì ń gbé e wá. Òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìgbì ìsàlẹ̀ ayé ń lù lójoojúmọ́ ní ẹnu òkun Èkó títí di òní.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún òwò. Nígbà tó fi máa di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń gba ẹnu òkun wọlé. Ní ọdún 1926, wọ́n ṣí èbúté Apápá. Láìsí ògiri méjì yẹn, Èkó tí a mọ̀ lónìí kò ní rí báyìí.

Ṣùgbọ́n òkun kò gbàgbé. Ṣé ẹ rántí iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn? Ògiri náà dá a dúró. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ lọ́dọọdún, etíkun tó wà níbi iná àtọ́nà ọkọ̀, tí a ń pè ní Lighthouse Beach, sì ń fẹ̀ sí i. Láàárín ògiri àti ilẹ̀ ni Tarkwa Bay wà. Ògiri bò ó, omi rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí ìgbì ńlá ìgbà òjò bá dé, á yí orí ògiri ká, agbára rẹ̀ á dínkù, á sì tò wọlé lẹ́sẹẹsẹ. Ìdí nìyí tí ibẹ̀ fi dára fún gígun ìgbì. Àwọn tó kọ́ ògiri náà kò ronú kan eré ọmọdé. Ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n ń wá.

Ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìgbì ṣì ń gbé iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n òmíràn kò wá dípò rẹ̀ mọ́. Bar Beach bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Láàárín ọ̀rúndún kan, òkun jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé ju kìlómítà kan lọ níbi tó ti burú jù. Láti ọdún 1958 ni ìjọba ti ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun a sì tún kó o lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, omi òkun ya bo etíkun Kuramo, ó gbá àwọn ilé onípákó tó wà níbẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sì kú. Ẹ tún wo oṣù yẹn. Ìjì tó rán ìgbì náà jà níbi jíjìn, òkúta tó lé iyanrìn kúrò níbẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbi jíjìn àti nígbà pípẹ́ ló kan àwọn tó sùn sétí omi lóru ọjọ́ kan.

Lónìí, ìlú tuntun Eko Atlantic wà lórí iyanrìn tí wọ́n dà síbi tí òkun ti jẹ ilẹ̀, wọ́n sì fi ògiri ńlá mìíràn dáàbò bò ó. Àwọn ará abúlé tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, bí i Òkun Alfa, ti ń ké pé òkun ń jẹ ilé wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ògiri àkọ́kọ́ kò lè ní òun kò gbọ́ igbe wọn.

Ní ti gígun ìgbì, ọ̀pọ̀ rò pé ohun tí àwọn Òyìnbó kó wá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní àwọn ọdún 1830, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì kan, James Alexander, rí àwọn ọmọdé ní Accra tí wọ́n fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n wẹ̀ lọ sínú òkun, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì sì gbé wọn wá sétí omi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, eré yìí ti wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí ẹnikẹ́ni tó ta pátákó olówó ńlá. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Amẹ́ríkà, Mike Hynson àti Robert August, wá gun ìgbì ní Èkó nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The Endless Summer, tó jáde ní ọdún 1966. Fíìmù náà rìn káàkiri ayé. Àwọn ọmọ Tarkwa Bay náà ń bá eré tiwọn lọ, àwọn mìíràn lórí pákó lásán, títí wọ́n fi rí pátákó gidi, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn àbúrò wọn.

Ìgbésí ayé wọn kò rọrùn. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ọ̀pọ̀ àwọn olùgbé ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn. Ìjọba ní àwọn kan ń jí epo láti inú páìpù tó gba ibẹ̀ kọjá. N kò mọ ẹjọ́ dá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó mọ ìgbì Èkó jù lọ wà lára àwọn tó sùn síta nígbà náà. Bí a bá lé àwọn tó mọ òkun kúrò létí òkun, ta ni yóò kọ́ àwa yòókù?

Nígbà tí mo délé, mo ya kàlẹ́ńdà òkun sí ẹ̀yìn ìwé mi. Mo fi yẹ́ẹ̀ǹkì pupa kun oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ oṣù Kẹfà, Keje àti Kẹjọ. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé bí omi bá ń fa ènìyàn lọ sínú, kí ó má ṣe bá a jà tààrà, kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Tarkwa Bay ló kọ́ mi ní èyí. Mo fi ìwé náà han màmá mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan oṣù Kẹjọ, ó ní, "Èyí náà wà nínú àwọn tó burú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa." Ó ní kí n ya òmíràn, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri yàrá ìdáná, kí àwọn àbúrò mi lè máa rí i.

Ọ̀rọ̀ màmá mi yìí ló mú mi kọ àròkọ yìí. Èkó ti bá òkun gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. A ti kó ẹrú la ìgbì rẹ̀, a ti jagun lórí rẹ̀, a ti gbé òkúta láti Abẹ́òkúta wá dí i lọ́nà, a sì ti kọ́ ìlú lé e lórí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ní ìlú yìí mọ oṣù tí yìnyín ń bọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì mọ oṣù tí òkun Èkó ń hó. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n fi kàlẹ́ńdà òkun kún ẹ̀kọ́ wa, pàápàá kí ìsinmi oṣù Kẹjọ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ ni pé kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìgbì síṣẹ́ ní gbogbo etíkun, kí wọ́n máa ṣọ́ omi, kí wọ́n sì máa fi àsíá pupa sọ fún àlejò pé òkun ń hó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn sọ fún wa pé òkun burú. Ẹ sọ ìgbà tó ń burú fún wa.

Òwe àwọn àgbà kò ní kí á má wa òkun. Ó ní kí á má wà á nígbà tó bá ń hó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé òwe náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà náà.